Ta Ni Yóò Sọ Ìtàn Ilẹ̀ fún Àlejò?

Ẹni tí ó bá fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ gbé ìlú mìíràn kì í mọ ìtàn ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀. Ní ilé wa, bàbá mi lè nawọ́ sí ibi tí alágbẹ̀dẹ ti ń rọ ọkọ́ rí. Ṣùgbọ́n ní Siluko Road níhìn-ín, ní ìlú Bìní, onílé fi yàrá hàn mí, ó gba owó rẹ̀, ó parí. Ó di ọdún kẹta kí ìyá àgbà kan, ọmọ Ẹ̀dó, tó sọ fún wa pé ẹnì kan ti ń tú bátìrì ọkọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé tí ìyàwó mi gbin ewédú sí.

Òjé ni ó wà nínú bátìrì, òjé kan náà tí àwọn olórìṣà ń wọ̀ sọ́wọ́. Kì í jẹrà, òjò kì í sì í tètè wẹ̀ ẹ́ lọ. Ó lè wà nínú erùpẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí oníṣẹ́ ti kó lọ, ọpọlọ ọmọdé ni ó sì ń bà jẹ́ jù. Ojú lásán kò lè rí i.

Ẹ̀rọ kan wà tí ó lè rí i. Ó ṣeé gbé lọ́wọ́ bí èyí tí káfíńtà fi ń lu igi. Bí a bá fi ẹnu rẹ̀ kan erùpẹ̀, yóò ta ìtànṣán X-ray sí i, irú èyí tí wọ́n fi ń wo egungun ní ilé ìwòsàn. Òjé, irin, bàbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò dá ìtànṣán tirẹ̀ padà, èyí tí kò jọ ti èkejì. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ẹ̀rọ náà yóò sọ iye tí ó wà níbẹ̀.

Kì í ṣe àjèjì ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ènìyàn ń lọ òkúta wúrà nínú agbo ilé, wọn kò sì mọ̀ pé òjé kún inú rẹ̀. Ọmọdé tí ó lé ní 400 ni ó kú. Irú ẹ̀rọ yìí ni wọ́n gbé dé Dareta àti Yargalma, tí wọ́n fi yẹ ilẹ̀ wò láti agbo ilé dé agbo ilé. Níbi tí òjé ti ju ìdá 1,000 lọ nínú mílíọ̀nù kan, wọ́n kó erùpẹ̀ náà lọ sin. Níbi tí ó wà láàárín 400 sí 1,000, wọ́n fi erùpẹ̀ mímọ́ bò ó.

Àwọn kan yóò ní àgbẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ gbé e fún. Èmi kò gbà. Ẹ̀rọ yìí kò lè rí náítírójìn tí àgbàdo ń fẹ́, kò sì lè sọ èyí tí gbòǹgbò yóò rí jẹ nínú ohun tí ó kà. Iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò nìyẹn, irú ti NIFOR tí a dá sílẹ̀ nítòsí wa níhìn-ín ní 1939. Àní bí erùpẹ̀ bá tutù, ẹ̀rọ náà lè ṣì í kà. A ní láti sá a, kí a sì jọ̀ ọ́.

Owó rẹ̀ sábà máa ń ju 20,000 dọ́là lọ, kò sí ayálégbé tí ó lè rà á. Ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ lè ra ẹyọ kan. Kí ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá tọ àwọn àgbà Ẹ̀dó lọ, kí a jọ kọ orúkọ gbogbo ibi tí wọ́n ti tú bátìrì rí sílẹ̀, kí a sì gbé ìwé náà tọ àwọn tí ń rí sí àyíká lọ.

Ìyàwó mi ti fa ewédú náà tu. Àwọn ọmọ alájọgbé wa ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀.