Ẹ Bi Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Léèrè

Bí àlejò kan bá wọ abúlé lónìí ní ìhà Ìbàdàn tàbí ní àgbègbè Ìsẹ́yìn, tí ó fi ìdí kalẹ̀ níwájú baálé, tí ó gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan lé orúnkún, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye igi ọsàn tí ó wà lóko, iye ìdì ẹ̀fọ́ tí wọ́n tà lọ́jà tí ó kọjá, àti ohun tí tọmọdé tàgbà ti jẹ láti ọjọ́ méje sẹ́yìn, ìwádìí ìdílé ni ó bá wá. Kò wá gba owó orí, kò sì wá gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ náà ti fìdí múlẹ̀ láàárín wa. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń mójú tó ìṣirò, èyí tí a mọ̀ sí NBS, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Báńkì Àgbáyé, ti ń ṣe é láti ọdún 2010: nǹkan bí 5,000 ìdílé ni wọ́n ń tọ̀ lọ káàkiri Nàìjíríà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ń bẹ̀ wọ́n wò nínú sáà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìgbìn àti lẹ́yìn ìkórè, sáà karùn-ún rẹ̀ bọ́ sí 2023 wọ 2024. Àwọn onímọ̀ IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí ó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó, náà ti kópa nínú ìwádìí lórí ohun tí ará Nàìjíríà ń jẹ láàárín 2001 sí 2003, òmíràn sì tẹ̀lé e ní 2021.

Èmi kò sí lára àwọn tí í fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀sín. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ìjọba tí kò bá sì mọ ohun tí ó wà nínú ìkòkò ará ìlú, ojú òkùnkùn ni yóò ti máa pín ajílẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, èso àti ewébẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 400 gíráàmù ni ó yẹ kí àgbàlagbà máa jẹ lójúmọ́, láìka iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀dùnkún mọ́ ọn. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tilẹ̀ ya ọdún 2021 sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọdún èso àti ewébẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá arúgbó kan ní Ṣakí ń jẹ tó ìwọ̀n náà, kò sí ọ̀nà mìíràn ju pé kí ó dé ọ̀dọ̀ ìyá náà kí ó sì bi í.

Ìbẹ̀rù ni ó máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà kí ìbéèrè tó wọlé. Àwọn bàbá wa mọ wolé-wolé tí í yọ́ wọ ẹ̀yìnkùlé láti wá tanwíjí nínú àmù, tí í sì í wọ́ onílé lọ sí kóòtù bí ó bá rí i. Wọ́n mọ akọ̀wé owó orí tí í ka ọkùnrin inú ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ogun Àgbẹ́kọ̀yà ṣojú wọn ní 1968 sí 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde nítorí pé owó orí ti wúwo ju ohun tí ọwọ́ wọn ká lọ, kò sì tíì tán láyé. Ní ilẹ̀ tí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ta ni yóò yára ka ohun ọ̀gbìn rẹ̀ fún àlejò? Bí iṣu ẹni bá ta, ọwọ́ ni à á fi bò ó jẹ. Ẹni tí ó ní ogún igi ọsàn lè sọ pé mẹ́fà ni, kì í ṣe pé ó jẹ́ òpùrọ́, bí kò ṣe pé ìrírí ti kọ́ ọ láti má ṣe fi gbogbo ara hàn fún ẹni tí ó gbé ìwé ìjọba dání.

Síbẹ̀, ìwádìí kì í ṣe ohun àjèjì sí ilé àgbẹ̀ Yorùbá. Ní 1951 sí 1952, nígbà tí kòkó jẹ́ ọba láàárín igi oko, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Galletti, Baldwin àti Dina, lọ káàkiri ọ̀dọ̀ àwọn ìdílé olóko kòkó ní ilẹ̀ wa, tí wọ́n ń béèrè ohun tí ń wọlé àti ohun tí ń jáde. Ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1956, àwọn onímọ̀ sì ń tọ́ka sí i títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí iṣẹ́ wọn ti rọrùn tó ní ìhà kan: kòkó a máa gun òṣùwọ̀n, ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò a lu èdìdì sí àpò rẹ̀, owó rẹ̀ a sì ní àkọsílẹ̀. Òṣùwọ̀n wo ni gbúre gùn rí? Àkọsílẹ̀ wo ni ó wà fún ewúro tí ìyá já ní ìrọ̀lẹ́, tí ó fọ̀, tí ó sì ti di ọbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú?

Ìbẹ̀rù yìí kọ́ ni ó ká mi lára jù, nítorí ìbẹ̀rù a máa kúrò bí àlejò bá mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ẹni tí a ń bi ni ó ká mi lára. Ìlànà tí a fún àwọn olùwádìí dára: ẹni tí ó mọ̀ nípa oúnjẹ ilé jù lọ ni kí wọ́n bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ilé wa ti rí, pé àlejò kì í ré baálé kọjá lọ bá ìyàwó rẹ̀ nídìí ààrò. Baálé ni yóò kí, baálé ni yóò fún un ní àga, bí baálé bá sì ti la ẹnu, ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu? Bàbá yóò ka kòkó, yóò ka iṣu, yóò ka ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, nígbà tí ó bá kan ewébẹ̀, yóò ju ọwọ́ nù, yóò ní, “Ẹ̀fọ́ kẹ̀? Àwọn obìnrin a máa já díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìnkùlé.” Báyìí ni ẹ̀yìnkùlé odidi ìlú ṣe lè di òfo nínú ìwé.

Bẹ́ẹ̀ ni “díẹ̀díẹ̀” yẹn ni ó ń gbé ilé ró. Òun ni tẹ̀tẹ̀ tí kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Òun ni ṣọkọ̀ yòkòtò, ewédú ayọ̀lọ́fun, gbúre olómi lára, ewúro tí í korò lẹ́nu tí í tún inú ṣe, amúnútutù tí í gun ọgbà bí ẹni pé òun ni ó ni ín. Òun ni ìgbágbá àti ìsápá. Òun ni ebòlò àti yánrin tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, tí òjò pe ìdí wọn níjà tí wọ́n sì dáhùn. Ewé tútù bẹ́ẹ̀, tí a fi epo pupa sè, wà lára ohun tí ń fún ara ọmọ ní fítámì A tí ojú fi ń ríran bí ilẹ̀ bá ń ṣú. Àwọn àgbà ní odú kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko; ó lè jẹ́ àìmọ̀ fún ọ̀dọ́ akọ̀wé tí a bí sí ìgboro Èkó, ìdí sì nìyẹn tí mo fi gbà pé orúkọ wọn ni kí a máa pè lọ́kọ̀ọ̀kan fún ẹni tí a ń bi, nítorí bí a bá ní “Ṣé ẹ jẹ ẹ̀fọ́?”, ìyá yóò ní òun jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ parí, bí a bá pe yánrin, yóò rántí ọjọ́ tí ó ti oko bọ̀, bí a bá pe ìsápá, yóò rántí àlejò tí ó torí rẹ̀ sè é. Òwe wa sọ pé ọbẹ̀ tí baálé kì í jẹ, ìyáálé ilé kì í sè é. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé baálé mọ ibi tí a ti já ewé rẹ̀.

Ti owó tún wà níbẹ̀, ó sì gba ẹ̀sọ̀. Owó tí obìnrin bá pa lọ́jà ní ilẹ̀ Yorùbá, tirẹ̀ ni. Láti inú rẹ̀ ni ó ti ń dá àjọ, tí ó ń ra bàtà fún ọmọ, tí ó sì ń ran àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, kò sì sí òfin tí ó ní kí ó máa ṣírò rẹ̀ fún ọkọ. Ẹ wá bi obìnrin tí ń gbin ẹ̀fọ́ ní àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ewé wọ́n, pé èló ni ó pa lọ́wọ́ àwọn alájápá ní oṣù tí ó kọjá, kí ọkọ rẹ̀ sì jókòó tì í níbẹ̀. Iye tí ó bá wù ú láti pè lọ́jọ́ náà ni olùwádìí yóò kọ sílẹ̀. Ó dá mi lójú pé ọgbọ́n ni obìnrin náà lò. Àléébù wà lọ́dọ̀ ẹni tí ó gbé ìbéèrè sí ibi tí kò yẹ. Kí obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi í ní ọ̀tọ̀, lẹ́bàá omi tàbí ní ìsọ̀ rẹ̀, a ó sì gbọ́ ohun mìíràn.

Bí a bá tilẹ̀ rí ẹni tí ó yẹ kí a bi, kí ni a ó fi wọn ohun tí ó bá sọ? Ìdì ẹ̀fọ́ nígbà òjò lè tó ìlọ́po méjì ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, owó kan náà ni ẹlẹ́fọ̀ọ́ sì lè máa pè lé e, nítorí pé kì í fi owó kún un, ewé ni í dín níbẹ̀. Ata ń gba inú abọ́ àti rọ́bà pẹ́ńtà lọ, tòmátì ń gba inú apẹ̀rẹ̀ lọ, ọsàn ń lọ ní kíkà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni èènì tún dé, tí òǹtajà ń fi sí i nítorí oníbàárà rere, tí a kò sì lè rí ojú ewé kan tí a yà sọ́tọ̀ fún un nínú ìwé ìbéèrè. Àwọn NBS ti gbìyànjú níhìn-ín: wọ́n ń fi àwòrán òṣùwọ̀n ọjà han ẹni tí wọ́n ń bi, kí ó lè nawọ́ sí èyí tí ó jọ tirẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a yìn ni.

Ìdílé fúnra rẹ̀ kò rọrùn láti kà. Bí a bá ní àwọn tí ń jẹ nínú ìkòkò kan náà ni ìdílé kan, kí ni a ó ṣe pẹ̀lú agboolé tí ìyàwó mẹ́ta ní ààrò mẹ́ta, tí àwo sì ń rìn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan dé òmíràn ní alẹ́?

Ti èso ló burú jù. Nínú èrò wa, ẹni tí ó jẹ máńgòrò márùn-ún kò tíì jẹun. Ó fi panu ni. Ọmọ tí ó gun igi gúrọ́fà aládùúgbò, tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ikùn tí ó yọ, kò ní ròyìn rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, pàápàá bí ó bá ti mọ̀ pé ẹgba ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá náà yóò sì fi òótọ́ inú sọ pé èso kò wọ ilé òun ní ọ̀sẹ̀ náà, nítorí òun kò rà á. Ẹ tún wo kàlẹ́ńdà. Ìbẹ̀wò lẹ́yìn ìgbìn sábà máa ń bọ́ sí àárín oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá, ti lẹ́yìn ìkórè a sì bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ọjọ́ méje péré sẹ́yìn ni a sì ń béèrè lórí oúnjẹ. Àgbálùmọ̀ tí í pọ́n nígbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn lè bọ́ sí ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n máńgòrò, tí í kún ìgboro ní oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún débi tí ewúrẹ́ pàápàá fi ń ṣà á jẹ, yóò dé, yóò lọ, kò sì ní pàdé olùwádìí lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ka ìwé wọn lẹ́yìn náà lè rò pé ẹ̀yà tí kò fẹ́ràn èso ni wá.

Ọdún kò sì jọ ọdún. Ní oṣù Karùn-ún 2016, kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta jẹ oko tòmátì ní òkè Ọya run débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde ipò pàjáwìrì lórí tòmátì. Àwa tí ń jẹ ọbẹ̀ ata ní gúúsù rí i lójú owó kí a tó gbọ́ orúkọ kòkòrò náà, nítorí láti òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ tòmátì tí ń dé ọjà Máìlì 12 ní Èkó àti Bódìjà ní Ìbàdàn ti ń wá. Bí a bá fi ohun tí ìdílé kan jẹ ní oṣù bẹ́ẹ̀ ṣe ìdájọ́ ìṣe rẹ̀, a ti fi ẹ̀ṣẹ̀ kòkòrò ka ènìyàn lọ́rùn.

Bí ìbéèrè bá sì lọ déédéé, èrè wà nínú rẹ̀, àwọn tí yóò lo ìdáhùn rẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. NIHORT, ilé ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ewébẹ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1975, wà ní Ìdí-Ìṣìn ní Ìbàdàn. Ní 2011 sì ni àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn láti Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í dojú kọ ugu, ìgbágbá àti tẹ̀tẹ̀ àbáláyé, àwọn ewé tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ti fojú di tẹ́lẹ̀ rí. Irúgbìn wo ni kí wọ́n tún ṣe, ibi wo ni kí wọ́n gbé e lọ, ta ni yóò gbìn ín, ọjà wo ni yóò rà á: ẹnu àwọn obìnrin ẹ̀yìnkùlé ni ìdáhùn wà.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ àwọn aláṣẹ fún. Ìwé ìbéèrè wọn gùn. Bí ó bá di wákàtí kejì, ẹni tí ń dáhùn yóò máa fi “rárá” gé ọ̀rọ̀ kúrú kí ó lè ráyè lọ gbé ìkòkò kaná, orí oúnjẹ ni gígé náà sì máa ń bọ́ sí. Kí wọ́n dín in kù. Kí wọ́n sì padà wá. Wọ́n ń tẹ àbájáde jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń kà á ní Àbújá. Rédíò wa tí ń sọ Yorùbá láti àárọ̀ di alẹ́ kì í gbọ́ nípa rẹ̀. Kí wọ́n fi ìdajì wákàtí kan sọ fún àwọn ará Ìsẹ́yìn ohun tí àwọn ará Ìsẹ́yìn wí, lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, nígbà tí àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ wà nílé. Ẹni tí ó bá sì ní àtúnṣe sí i yóò pe nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ rédíò náà.