Ìdáhùn Tọ̀nà, Tíṣà Fún Un Ní Máàkì Kan!

Ariwo ni ìyá oníbúrẹ́dì kan gbé wọ ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ní Agége láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ọmọkùnrin rẹ̀ tó wà ní JSS 2 ló gbé ìwé ìṣirò délé, tí ìyá wá rí i pé ìdáhùn ọmọ òun tọ̀nà, síbẹ̀ máàkì kan péré nínú márùn-ún ni tíṣà fún un. Inú bí i débi pé orí ìsọ̀ ló ti gbéra, kò tilẹ̀ dúró tú ápúrọ́ọ̀nù ìdí rẹ̀.

"Tíṣà, kí lọmọ mi fi ṣe yín?" Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, kò kí ẹnikẹ́ni. "Méjìlá ni ìdáhùn, méjìlá náà lọmọ mi kọ. Kí ló dé tẹ́ ẹ gba máàkì ẹ̀?"

Tíṣà kò bá a fa ọ̀rọ̀. "Ẹ kú àárọ̀, Màmá. Ẹ bá mi jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn ná. Tá a bá parí, ẹ máa rí ìdí ẹ̀."

Màmá jókòó, ó fajú ro. Àmọ́ kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Bí àwọn ọmọ ṣe ń wọlé, ìbéèrè mẹ́ta ti wà lójú bọ́ọ̀dù. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn kí wọ́n tó mú bírò. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fi ń ṣe é, ìgbà yẹn ni tíṣà ń pe orúkọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo wọn ṣí iṣẹ́ tí wọ́n gbé lọ sílé. Òfin kíláàsì wà lára ògiri, kò ju márùn-ún lọ: Tètè dé. Mú ìwé, bírò àti rúlà rẹ dání. Nawọ́ kó o tó sọ̀rọ̀. Má fi ẹni tó ṣì í ṣe yẹ̀yẹ́. Kọ bó o ṣe ṣe é, má kọ ìdáhùn nìkan.

Ọmọbìnrin kan bọ́ síwájú, ó ṣì í. Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, tíṣà kàn wo ẹsẹ̀ òfin kẹrin lára ògiri, ẹ̀rín náà kú. Ló bá ní, "Ibo ló ti wọ́?" Àwọn ọmọ nawọ́, wọ́n bá a wá a, ọmọbìnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe. Kò sí ẹgba, kò sí èébú.

Nígbà tí aago lù, tíṣà pe ọmọ oníbúrẹ́dì. Ìṣirò ọ̀hún nìyí: 3x + 9 = 45. Kí ni x? Ọmọ kọ 12, ó fi àyè tó kù sílẹ̀ lófìfo.

"Báwo lo ṣe rí 12?"

Ọmọ wolẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Mo wò ó lára ọ̀rẹ́ mi lẹ́nu géètì ni. Aago mẹ́wàá alẹ́ la kúrò ní ìsọ̀."

Ẹnu Màmá wọhò. Kó tó gbọ́wọ́ sókè, tíṣà ti dá a dúró. "Ẹ má lù ú, Màmá. Ìwọ, gbọ́. Oníbàárà ra búrẹ́dì mẹ́ta àti bọ́tà, ó san 4,500 náírà. Owó bọ́tà jẹ́ 900. Èló ni búrẹ́dì kan?"

"1,200, sà." Kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mo yọ owó bọ́tà, ó ku 3,600. Mo wá pín in sọ́nà mẹ́ta."

"Ohun tí mo ní kó o kọ sílẹ̀ nìyẹn! Ìṣirò kan náà ni!"

Ọ̀rọ̀ tíṣà yìí kì í ṣe àṣejù. Nínú ìdánwò WAEC, ìbéèrè tí wọ́n ń kọ àlàyé sí ní máàkì fún ọ̀nà tí ọmọ gbà, kì í ṣe fún ìdáhùn nìkan. Ọmọ tó mọ ọ̀nà, tó wá ṣèèṣì ṣì í nígbẹ̀yìn, ṣì lè rí nǹkan mú. Ẹni tó jí ìdáhùn wò kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ ò bá jókòó sítòsí.

Kò sì yẹ kẹ́nikẹ́ni pe èyí ní àṣà òyìnbó. Ẹ wo bí Yorùbá ṣe ń pe 45 náà: márùndínláàádọ́ta. Ogún lọ́nà mẹ́ta ni ọgọ́ta. Yọ mẹ́wàá níbẹ̀, ó di àádọ́ta. Yọ márùn-ún sí i, ó kù 45. Àwọn baba wa kọ bí wọ́n ṣe ṣe é sínú orúkọ gan-an. Lọ́dún 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ wọn.

Òfin UBE ti ọdún 2004 sọ ọ́ di dandan kí òbí rán ọmọ nílé-ìwé títí dé JSS 3. Àmọ́ òfin ò lè bá ẹnikẹ́ni mú ọmọ kúrò ní ìsọ̀ lálẹ́. Òbí nìkan ló lè ṣe ìyẹn.

Màmá ò bèèrè máàkì mọ́. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ṣeun. Láti òní lọ, aago méje alẹ́ ló máa kúrò lọ́dọ̀ mi." Tíṣà náà ní kí ọmọ tún ìṣirò ọ̀hún ṣe, kó gbé e wá lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀yin òbí, bọ́mọ bá délé lálẹ́ òní, ẹ má wulẹ̀ bi í pé, "Èló lo gbà?" Ẹ bi í pé, "Báwo lo ṣe ṣe é?"