Ta Ni Ó Ni Ojú-Ìwé Káńsù Lórí Fóònù?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti ààwẹ̀, kì í sì í ṣe ti sàká. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni, nítorí pé ọ̀rọ̀ àmánà ni, Ọlọ́run yóò sì bi olúkúlùkù léèrè ohun tí a fi sí i ní ìkáwọ́. Mo fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀nà tí àwọn Ìjọba Ìbílẹ̀ wa ń gbà bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí fóònù wò, kí a sì mọ ohun tí òfin wí sí i.

Láyé àwọn bàbá wa, bí ìlú bá ní ohun tí ó fẹ́ kí ọjà gbọ́, akéde ni yóò lu agogo káàkiri. Nígbà tí káńsù dé, wọ́n ń lẹ ìwé mọ́ ògiri ọ́fíìsì. Lóde òní, Facebook, WhatsApp àti X ni agogo káńsù. Èmi kò bá wọn jà nítorí èyí. Ó yá, kò wọ́nwó, ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá lè mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé ọba àti ìlú ni ó ni agogo tí akéde ń lù, kì í ṣe akéde. Ta ni ó wá ni ojú-ìwé tí a kọ orúkọ káńsù sí lórí? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ṣàngó Toll Gate ṣe àpẹẹrẹ. Ìjọba Ààrẹ Ọbásanjọ́ ti fòpin sí gbígba owó ní ẹnu géètì àwọn ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ láti ọdún 2004, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu wa. Ilẹ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà ni ibẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ni ó ni ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta tí ó gba ibẹ̀ kọjá. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ó ni àwọn TRACE tí ń darí ọkọ̀. Ọjà, ibùdókọ̀, ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀ pákó ní tiwọn, Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 kà wọ́n mọ́ iṣẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ nínú àfikún rẹ̀ kẹrin. Nítorí náà, ọ̀gá mẹ́ta ni ó wà lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo.

Ká ní ní alẹ́ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀rọ̀ kan já wá sórí fóònù pé kí gbogbo ẹni tí ń tajà létí títì ní Toll Gate kó ẹrù wọn kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ta ni ó sọ ọ́ nínú àwọn ọ̀gá mẹ́ta yìí? Ṣé ẹni tí ó sọ ọ́ ní agbára lórí ibi tí ó dárúkọ? Ìyá tí ń ta tàtàṣé, tí ó jẹ́ pé fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni ó ní lọ́wọ́, níbo ni yóò ti rí i? Bí ó bá di ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n wó àtẹ rẹ̀, ǹjẹ́ a lè sọ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún un? Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Ṣàngó mọ̀ pé owó ẹ̀yáwó ni ó wà lórí àtẹ púpọ̀ níbẹ̀. Àtẹ tí a bá dà nù lọ́jọ́ kan lè di gbèsè ọdún kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí ó ni ojú-ìwé náà. Irú ẹjọ́ yìí ti dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà. Ní ìlú Port Huron, ìpínlẹ̀ Michigan, alákòóso ìlú náà, James Freed, ní ojú-ìwé Facebook kan tí ó ń fi àwòrán ọmọ àti ajá rẹ̀ sí. Ibẹ̀ náà ni ó ń kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìlú sí. Nígbà àrùn Kòrónà, ará ìlú kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọwọ́ tí ìlú fi mú àrùn náà kò dára. Alákòóso pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́, ó sì tì í síta kí ó má lè kọ nǹkan kan síbẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án fi ohùn kan gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀: bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ní àṣẹ láti sọ̀rọ̀ lórúkọ ìjọba, tí ó sì jẹ́ pé àṣẹ náà ni ó ń lò nígbà tí ó ń kọ̀wé, ọ̀rọ̀ ìjọba ni, kò sì lè ṣe é bí ohun ìní ara rẹ̀. Wọ́n wá dá ẹjọ́ náà padà sí ilé-ẹjọ́ ìsàlẹ̀ kí ó fi òṣùwọ̀n yìí wọ̀n ọ́n.

Òfin Amẹ́ríkà kò de àwọn adájọ́ wa. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí Mùsùlùmí. Lèmọ́mù kọ́ ni ó ni mínbárì. Ìjọ ni ó ni ín. Bí Lèmọ́mù bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá rẹ̀, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gun mínbárì, ọ̀rọ̀ ìjọ ni ó wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àáfà wa sì máa ń sọ ìtàn Sẹ̀yìdì Umar, Kálífà kejì, pé nígbà tí a pín aṣọ fún olúkúlùkù, tí Umar gun mínbárì pẹ̀lú ẹ̀wù tí ó ju ìpín ẹnì kan lọ, ọkùnrin kan dìde ó ní àwọn kò ní í gbọ́rọ̀ rẹ̀ títí yóò fi sọ ibi tí ó ti rí i. Umar kò ní kí wọ́n wọ́ ọ síta. Ó pe Abdullah ọmọ rẹ̀ kí ó wá jẹ́rìí pé ìpín tòun ni òun fi ta bàbá òun lọ́rẹ. Bí olórí gbogbo Mùsùlùmí bá lè dáhùn irú ìbéèrè báyìí, kí ni alága káńsù yóò ṣe tí yóò fi ti ẹni tí ó béèrè owó gọ́tà síta?

Ìwé Òfin tiwa náà, ní abala 39, fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò rẹ̀ àti láti gba ìròyìn. Ẹni tí a bá tì síta lórí ojú-ìwé tí káńsù fi ń kéde, a ti gba ẹ̀tọ́ méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní oṣù kẹfà ọdún 2021, oṣù méje ni ó gbà kí wọ́n tó ṣí i. Ní oṣù keje ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ ECOWAS sì dá a pé ohun tí wọ́n ṣe lòdì sí ẹ̀tọ́ ará ìlú. Èrò tèmi ni pé ohun tí kò tọ́ fún ọ̀gá ńlá kò lè tọ́ fún ọ̀gá kékeré.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ìkìlọ̀. Òfin Òmìnira Ìròyìn tí a ṣe ní ọdún 2011 sọ pé kí iléeṣẹ́ ìjọba tan ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ ká ní oríṣiríṣi ọ̀nà: nínú ìwé, lórí ẹ̀rọ, àti ní ọ́fíìsì rẹ̀. Òfin náà kò sọ pé orí fóònù nìkan tó. Ó sì fún ẹnikẹ́ni láàyè láti kọ̀wé béèrè, láìsọ ìdí tí ó fi ń béèrè, kí wọ́n sì dá a lóhùn láàárín ọjọ́ 7. Àwọn kan ti ń jiyàn pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kan ìpínlẹ̀ àti káńsù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ wa parí iyàn náà: òfin yìí de gbogbo ìjọba ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá rí ìkéde tí kò yé yín, ẹ kọ̀wé sí káńsù. Ẹ tọ́jú àwòrán ìkéde náà pẹ̀lú, nítorí Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 84, gba ìwé tí a tẹ̀ jáde láti inú ẹ̀rọ wọlé ní kóòtù bí a bá tẹ̀lé ìlànà rẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé pé ayédèrú pọ̀. Ẹnikẹ́ni lè fi àmì káńsù sórí ojú-ìwé kí ó sì ní kí ẹ san owó ìsọ̀ sí àpò owó kan ní báńkì. Súrà Al-Hujurat, ẹsẹ kẹfà, ti pa á láṣẹ fún wa pé bí èké bá mú ìròyìn wá, kí a wádìí rẹ̀ dájú kí a má baà fi àìmọ̀ ṣe ènìyàn níbi. Ẹ má san owó káńsù sí orúkọ ẹnì kan, ẹ má sì san owó tí kò ní rìsíìtì.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ti ojú àwọn ènìyàn. Bí òṣìṣẹ́ bá lọ ti ṣọ́ọ̀bù ẹni tí ó jẹ owó, ṣé ó yẹ kí wọ́n gbé kámẹ́rà dání, kí wọ́n fi ojú ìyá olóyún han gbogbo ayé? Bí wọ́n bá ń pín ìrẹsì ìrànwọ́, ṣé ó yẹ kí wọ́n gbé orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn tí ó gbà á síta? Abala 37 nínú Ìwé Òfin dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà. Òfin Ìdáàbòbò Ìwífún tí a fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 sì de ìjọba bí ó ti de báńkì. Ó ka ọ̀rọ̀ ìlera àti ẹ̀sìn ènìyàn sí ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ ju ìyókù lọ, ó sì dá àjọ kan mọ̀ tí ẹni tí a bá tàbùkù lè kọ ẹ̀sùn sí. Ẹni tí ó gba ìrẹsì kò ta ojú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní í gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Àwa ará ìlú náà ní ẹ̀bi. Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Ẹ̀rọ ti ọdún 2015 fi àyè sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ láti mú ènìyàn nítorí èébú lásán. Àtúnṣe ọdún 2024 ti dín àyè náà kù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé irọ́ ni, tí ó sì fi ránṣẹ́ láti dá ìlú rú, ọ̀daràn ni síbẹ̀. Ẹ bi káńsù léèrè, ẹ má purọ́ mọ́ ọn.

Kí wá ni kí a ṣe? Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó Ìjọba Ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Káńsù tí ilé-ẹjọ́ gbà ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún báyìí gbọ́dọ̀ lè fi ìṣirò owó síbi tí ó ń fi àwòrán ọjọ́ ìbí alága sí. Kí ìgbìmọ̀ mọ́sáláásí ràtíbì, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀, Ìyálọ́jà àti Bàbálọ́jà jọ kọ̀wé kan ṣoṣo, kí wọ́n béèrè nǹkan mẹ́rin. Kí káńsù ní ojú-ìwé kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀, tí a ó máa fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé alága tuntun lọ́wọ́ bí a ti ń fi òǹtẹ̀ àti fáìlì lé e lọ́wọ́. Kí gbogbo ìkéde ní orúkọ ọ́fíìsì, ọjọ́, àti òfin tí ó dúró lé. Kí ìkéde tí ó bá kan àtẹ ẹnikẹ́ni di kíkà nínú ọjà, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí a sì sọ ọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ àti ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ọjọ́ tó pé. Kí wọ́n má ti ẹni tí ó béèrè ọ̀rọ̀ síta, kí wọ́n má sì fi ojú aláìní ṣe àfihàn.

Kò sí èyí tí ó náni lówó púpọ̀ nínú wọn. Ọlọ́run má jẹ́ kí a jí ní ọjọ́ Ẹtì kan kí a bá àtẹ wa nílẹ̀ nítorí ìkéde tí a kò gbọ́. Kí Ó fún àwọn aláṣẹ wa ní ẹ̀mí ìpa-àmánà-mọ́, kí Ó sì bùkún ọjà yín. Àmín.