Géèmù Àtẹ́lẹwọ́ àti Àlọ́ Ìjàpá: Iṣẹ́ Ń Bẹ fún Olùkọ́ Yorùbá

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ géèmù ní yàrá àwọn olùkọ́, ẹ̀sùn ni yóò tẹ̀ lé e. Géèmù ni kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Géèmù ni kò jẹ́ kí wọ́n sùn lóru. Géèmù náà ni ó sọ ọmọ SS2 di ẹni tí ń kọ "mo wa" sílẹ̀ láìfi àmì kankan sí i, tí olùkọ́ yóò máa ronú bóyá ó wà ni, bóyá ó wá ni, tàbí ó wa mọ́tò ni. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, n kò sì ní sọ pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀sùn wọ̀nyí. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn géèmù, pàápàá irú èyí tí ènìyàn lè gbé sí àtẹ́lẹwọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kì í ṣe owó tàbí ẹ̀rọ ni ó kù jù lọ kí géèmù gidi tó lè jáde ní èdè Yorùbá. Àwọn tí ó mọ èdè náà kọ dáadáa ni ó kù, àwa sì nìyẹn.

Eré àfọwọ́ṣe kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọpọ́n ayò ní ihò méjìlá, ọmọ ayò sì jẹ́ méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni òpè. Ihò tí ènìyàn kó ọmọ jọ sí de ọjọ́ ìjà ni odù. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tí ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ta ayò. Bí ẹ bá dúró ti àwọn àgbà tí ń ta á nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí i pé ẹnu wọn ń ṣiṣẹ́ tó ọwọ́ wọn: èébú, àwàdà, òwe, oríkì ẹni tí ó borí, ẹ̀sín ẹni tí ó pàdánù. Àwọn ọmọdé ní òkòtò tiwọn, wọ́n ní bojúbojú, orin sì wà nínú rẹ̀. Èdè àti eré kì í ya ara wọn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ẹnu iṣẹ́, ní àárín àwọn ọdún 1990, mo ra ẹ̀rọ géèmù kan lọ́wọ́ ọlọ́jà tí ń kiri ní Láfẹ́nwá. Kì í ṣe Game Boy gan-an. Game Boy, tí ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Japan gbé jáde ní 1989, kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ irú àwa. Tiwa ni àfarawé tí ó ti Ṣáínà wá, tí wọ́n kọ 9999 sí lára bí ẹni pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá géèmù ó dín kan ni ó wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn ń gbá: bíríkì tí ń bọ́ láti òkè, tí a ó yí padà kí ó tó balẹ̀, tí ìlà tí ó bá kún yóò sì pòórá. Alexey Pajitnov, ọmọ Rọ́ṣíà, ni ó dá eré náà sílẹ̀ ní Moscow ní 1984, tí ó pè é ní Tetris. Ta ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Láfẹ́nwá?

Bátìrì méjì ni ó ń lò. Bí bátìrì bá kú, a ó sá a sóòrùn lójú fèrèsé, a ó fi eyín tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, yóò sì tún jí fún ìgbà díẹ̀. (Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń kùn pé iná tán lára fóònù yín, ẹ kò mọ ohun tí ojú wa rí.) Nínú ilé tí mo ń gbé nígbà náà, ìyá tí ó bí onílé wa ni ọ̀gá gbogbo wa. Ìyá kò kàwé rárá. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti rọ̀, a ó gbọ́ ohùn rẹ̀: "Tíṣà, gbé bíríkì yẹn wá, kí n mọlé díẹ̀." Yóò jókòó sórí àpótí rẹ̀, yóò sì borí gbogbo ayálégbé, àti èmi tí mo ti yunifásítì dé. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú eré náà. Ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B lè gbá a kí ó sì borí. Ejò inú fóònù Nokia, tí gbogbo wa gbá lẹ́yìn tí GSM dé Nàìjíríà ní 2001, rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn géèmù tí mo fẹ́ràn nísinsìnyí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ kún inú wọn bí ìwé ìtàn àròsọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ni ó fi wọ́n hàn mí lórí Nintendo Switch, ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ tí ó jáde ní 2017. Géèmù àdáṣe ni mo ń pè wọ́n, nítorí pé ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ kékeré ni ó ṣe wọ́n láìdúró de owó ilé-iṣẹ́ ńlá. Ẹ wo Stardew Valley. Eric Barone, ọmọ Amẹ́ríkà, nìkan ni ó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, tí ó ya àwòrán rẹ̀, tí ó ṣe orin rẹ̀, fún bí ọdún mẹ́rin àtààbọ̀ kí ó tó gbé e jáde ní 2016. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ẹni tí ń gbá a ń ṣe: yóò ro ilẹ̀, yóò gbin nǹkan, yóò bomi rin ín, yóò sì máa bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀. (Iṣu wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀gẹ́. Fún ọmọ Ẹ̀gbá tí ó mọ adùn láfún, àléébù gidi ni.)

Iye rẹ̀ tí wọ́n ti tà ti ju mílíọ̀nù 40 lọ. Èdè 12 ni ó wà nínú rẹ̀, èdè Hungary sì jẹ́ ọ̀kan. Àwọn tí ń gbé ilẹ̀ Hungary kò tó mílíọ̀nù 10. Àwa tí ń sọ Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí ó wọ́pọ̀, lé ní mílíọ̀nù 40, kò sì sí tiwa níbẹ̀. Kí ni ará Hungary ní tí a kò ní? Wọ́n ní àwọn tí ó jókòó túmọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ní ọmọ tí yóò kà á láìrojú.

Mo fẹ́ràn Undertale pẹ̀lú, iṣẹ́ Toby Fox, tí ó jáde ní 2015. Nínú rẹ̀, ẹni tí ń gbá a lè parí gbogbo ìrìn-àjò láìpa ẹnikẹ́ni, bí ó bá mọ ọ̀rọ̀ sọ fún ọ̀tá. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, àbí?

Ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ̀ mí lára jù ni Never Alone, tí orúkọ rẹ̀ ní èdè àwọn tí ó ni í ń jẹ́ Kisima Ingitchuna. Ẹ̀yà Iñupiat ní Alaska ni wọ́n, ilẹ̀ yìnyín. Ẹgbẹ́ àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ tí ń jẹ́ Cook Inlet Tribal Council àti ilé-iṣẹ́ E-Line Media ni ó jọ gbé e kalẹ̀, ó sì jáde ní 2014. Ọmọbìnrin kékeré kan àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun kan ń wá ibi tí ìjì ti ń wá. Àlọ́ ìbílẹ̀ wọn ni, tí àwọn àgbà wọn sì dá sí bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di géèmù. Bí ẹ ti ń gbá a, ohùn àgbàlagbà kan ni ẹ ó máa gbọ́ tí ń pa àlọ́ náà ní èdè Iñupiaq, ìtumọ̀ ní èdè mìíràn yóò sì máa kọjá nísàlẹ̀. Àwọn tí ó ṣì ń sọ èdè yìí kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Wọn kò ní kí èdè wọn dúró de ìgbà tí wọn yóò pọ̀.

Ní Áfíríkà tiwa, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Láti 2012 ni Maliyo Games ti wà ní Èkó, tí wọ́n fi ọ̀kadà àti ẹ̀fọn ilé wa ṣe géèmù. Kiro'o Games ti ilẹ̀ Kamẹrúùnù gbé Aurion jáde ní 2016. Ní 2018, Nyamakop ti Gúúsù Áfíríkà gbé Semblance jáde lórí Switch yìí kan náà. Mo kí gbogbo wọn. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé ni a máa ń kà nínú irú iṣẹ́ wọ̀nyí, àwọn àjèjì sì ti ń bọ̀ wá mú ohun tí a fi sílẹ̀. Ní 2020 ni SMITE, géèmù ìjà tí ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan ṣe, kó Yemọja àti Ọlọ́run mọ́ àwọn òrìṣà ayé tí ń bá ara wọn jà. Ọlọ́run kẹ̀! Ẹni tí àwọn baba wa kò gbẹ́ ère fún, tí wọn kò kọ́ ojúbọ fún, ni wọ́n wọ̀ láṣọ tí wọ́n tì sójú ìjà. Wákàtí kan péré lọ́dọ̀ olùkọ́ Yorùbá ì bá ti tó láti fi Ògún tàbí Ṣàngó rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ibi tí ó le, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa wà. Nínú géèmù, ènìyàn máa ń ṣí àpótí, ọ̀rọ̀ kan yóò sì jáde láti sọ ohun tí ó rí níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ "o ri oko kan" láìsí àmì, kí ni ó rí? Ṣé ọkọ́ tí yóò fi ro ilẹ̀ ni, tàbí ọ̀kọ̀ tí yóò fi gún ẹranko? Ṣé ọkọ̀ tí yóò wọ̀ sọdá odò Ògùn ni, àbí oko tí yóò máa dá, àbí ọkọ tí yóò fẹ́? Ọmọ tí ó bá gbé ọkọ́ dání níbi tí ọ̀kọ̀ yẹ yóò kú sọ́wọ́ ẹkùn. Kò sí ìdánwò àmì ohùn tí mo lè ṣe ní kíláàsì tí yóò ká ọmọ lára tó bẹ́ẹ̀.

Kọ̀ǹpútà mọ ẹ, ọ àti ṣ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tí ó dá dúró. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní àyè tiwọn. Lẹ́tà ni a ó kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ kí a tó gbé àmì ohùn lé e lórí, ọ̀pọ̀ géèmù kò sì mọ bí a ti ń ṣe àgbélé yìí. Àmì yóò já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo jáde. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a ya lẹ́tà tiwa fúnra wa. Mo ti ṣírò rẹ̀. Fáwẹ̀lì 7, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 14. Ń, ǹ, ḿ àti m̀ sọ ọ́ di 18. Bí a bá fi lẹ́tà ńlá kún un, ó di 36. Ẹ, ọ àti ṣ láìní àmì ohùn, ńlá àti kékeré, jẹ́ 6. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 42. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ dá nínú iṣẹ́ ọnà lè yà wọ́n tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ìtàn ńkọ́? Mo ṣe tán láti gbọ́ ẹni tí yóò sọ pé a kò ní ìtàn. Ìjàpá kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú akèrègbè, ó gbé e kọ́ àyà, ó fẹ́ gun igi lọ fi pamọ́. Akèrègbè kò jẹ́ kí ó lè fọwọ́ kan igi. Ẹ rò ó wò pé géèmù ni: ọmọ yóò tẹ bọ́tìnnì títí, Ìjàpá yóò máa yọ̀ bọ́ sílẹ̀, títí yóò fi yé e pé ẹ̀yìn ni akèrègbè yẹ kí ó wà. Àlọ́ wa sì ní orin, orin ní ègbè, ègbè sì jẹ́ ti olùgbọ́. Ẹ wo bí ó ti bá bọ́tìnnì mu tó. Tàbí kẹ̀, Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ìwé rẹ̀ The Palm-Wine Drinkard jáde ní 1952: ọkùnrin kan ń wá adẹ́mu rẹ̀ tí ó ti kú lọ sí ìlú àwọn òkú, wọ́n sì ń gbé iṣẹ́ tí ó le fún un lójú ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbá géèmù rí mọ irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, n kò fẹ́ ogun púpọ̀ nínú rẹ̀. Mo fẹ́ géèmù kan lórí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí wọ́n tako owó orí láti 1947, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe aṣáájú wọn, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ọ̀rọ̀ àti orin ni ohun ìjà wọn.

Àwọn kan yóò ní kò sí iná, kò sí owó, kò sí kọ̀ǹpútà tó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní 1859, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan ni Henry Townsend fi tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta yìí, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kà kò sì pọ̀ nígbà náà. Lónìí, láti 2019, GB Studio wà, iṣẹ́ Chris Maltby. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tí kò mọ èdè kọ̀ǹpútà lè fi ṣe géèmù fún Game Boy àtijọ́ yẹn, kọ̀ǹpútà kan sì tó fún ọmọ mẹ́rin. Kí ọ̀kan kọ ọ̀rọ̀, kí ọ̀kan ya àwòrán, kí ọ̀kan ṣe orin àti ègbè, kí ọ̀kan tò ó pọ̀. Olùkọ́ ni yóò yẹ àmì ohùn wò. Èmi kò ní kí wọ́n má gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ tí ń gbá géèmù nígbà tí olùkọ́ ń sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé sáà kẹta gùn tó, lẹ́yìn ìdánwò, fún irú iṣẹ́ yìí.

Bí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yà. Ojú Game Boy pín sí àwọn àpótí kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà 8. Àmì ìsàlẹ̀ àti àyè tí ó wà lókè rẹ̀ gba ìlà méjì, àmì ohùn gba méjì, ó ku mẹ́rin fún ara lẹ́tà náà. Mo ti yà á sórí pépà oníhò gbọọrọ tí a fi ń ya gíráàfù. Ó gbà á.