Ẹ Jẹ́ Kí Dókítà Lọ Sùn

Àtẹ́wọ́ ló bí mi nínú lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ tí bàbá kan sọ níbi ìdúpẹ́ dùn mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbà dókítà ni, ewú orí rẹ̀ sì ti fún un láyè láti sọ ohun tó bá wù ú. Àtẹ́wọ́ tí àwọn èèyàn pa fún un ni mo gbé sùn, tí mo gbé jí, tí mo sì gbé wá sórí òpó yìí.

Ọmọ aládùúgbò wa kan ló yege nínú ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Part Two, èyí tó kẹ́yìn nínú gbogbo ìdánwò tí dókítà ń ṣe kó tó di àgbà oníṣẹ́ abẹ. Ìyá rẹ̀ ṣe ìdúpẹ́ ní Bódìjà, wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n ro àmàlà. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún bàbá yìí, ó ní láyé tiwọn, ọjọ́ mẹ́ta gbáko làwọn fi ń wà lórí kọ́ọ̀lù láìfojú ba oorun, àwọn ò sì ráhùn. Ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló ń ka wákàtí. Abẹ́ àtíbàbà bá kún fún àtẹ́wọ́. Àwọn kan tiẹ̀ dìde.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ mọ̀ pé èmi àti àwọn Àwa-náà-jìyà, àwọn tó ní ìyà tó jẹ àwọn gbọ́dọ̀ jẹ ọmọ ẹ̀yìn àwọn, kì í jẹ nínú abọ́ kan náà. Mo bá wọn jà lórí pàṣán nílé ẹ̀kọ́. Mo bá wọn jà lórí àwọn ọ̀gá tí wọ́n ń sọ ọmọ iṣẹ́ di ọmọ ọ̀dọ̀. Mo ti wí i tẹ́lẹ̀, n ó tún un wí: ìyà kì í ṣe ohun ogún.

Ti àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ló kàn lónìí, ọ̀nà mẹ́ta ni n ó sì pín in sí: oorun, owó, àti ohun tó ń dé bá dókítà lẹ́yìn tó bá parí ẹ̀kọ́ tó ń sọ ọ́ di àgbà nínú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n mú oorun kọ́kọ́.

Tábìlì àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ tí a wá yẹ́ sí ni mo jókòó sí, àwọn dókítà tí wọ́n ṣì ń gba ìmọ̀ kún ìmọ̀. Àwọn kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń sọ ìrírí wọn fún ara wọn, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀. Mo retí pé ọ̀rọ̀ aláìsàn ni n ó gbọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ikú. Rárá o. Ibi tí wọ́n ti ń sùn ni gbogbo ìtàn náà dá lé. Obìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ ìgbẹ̀bí ní inú ọkọ̀ lòun máa ń sùn nínú ọgbà ilé ìwòsàn, nítorí ìdun ti gba bẹ́ẹ̀dì yàrá tí wọ́n fún wọn. Òmíràn ní orí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti aláìsàn lọ sí tíátà lòun máa ń nà sí. Ẹnì kẹta, rẹ́jísírà iṣẹ́ abẹ, sọ bí òun ṣe di irin tí wọ́n fi ń ya ikùn sílẹ̀ mú, tí oorun gbé òun lọ lórí ìdúró, àfi ìgbà tí nọ́ọ̀sì fi ìgbọ̀nwọ́ gún òun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ọ̀gá òun kò rí i. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, ẹni tí wọ́n ya ikùn rẹ̀ sílẹ̀ ni mo ń rò.

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè bá wa lọ: ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ dókítà ní yunifásítì, bí ìyanṣẹ́lódì kò bá fà á gùn. Ọdún kan háósìjọ́ọ̀bù, ọdún kan àgùnbánirọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò Primary, ẹni tó bá yege ló ń wá àyè rẹ́sídẹ́ńsì kiri, ìyẹn ẹ̀kọ́ tó ń sọ dókítà di àgbà nínú iṣẹ́. Part One wà lọ́nà, Part Two wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìwádìí tí yóò kọ tí yóò sì dúró tì níwájú àwọn olùdánwò. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979, wà ní Ìjànikin; ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti àwọn oníṣẹ́ abẹ àti ti àwọn oníṣègùn òyìnbó, wà ní Yábàá. Nígbà tí dókítà bá fi máa jáde níbẹ̀, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa, bóyá ó ti ṣègbéyàwó, ó ti bímọ. Irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ ni a ń sọ pé kó máa sùn nínú ọkọ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà rẹ́sídẹ́ńsì ní Nàìjíríà, NARD, ti sọ iye wákàtí tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ síta ní 2025: ní ìwọ̀n-ọgbọọgba, wákàtí 106 lọ́sẹ̀. Ti àwọn oníṣẹ́ abẹ lé ní 122. Wákàtí 168 péré ni Ọlọ́run dá sínú ọ̀sẹ̀. Ẹ yọ 122 kúrò níbẹ̀. 46 ló kù, inú rẹ̀ ni oníṣẹ́ abẹ ọ̀la yóò ti sùn, tí yóò ti wẹ̀, tí yóò ti wọkọ̀ lọ sílé, tí yóò ti rí ọmọ rẹ̀, tí yóò sì ti kàwé fún ìdánwò tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kùnà.

Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, bí iṣẹ́ wọn ti pín nìyẹn. Bó bá ti orí iṣẹ́ alẹ́ dé, a kò gbọdọ̀ gún iyán, a kò gbọdọ̀ tan rédíò, bàbá wa á kó wa lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Òkè-Àdó kí ilé lè parọ́rọ́. Ìyá mi á fi ìró aláró kan bo ojú fèrèsé, ó di ọ̀sán kó tó jáde. Ó sọ fún wa pé ìwé ńlá kan wà ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kọ ohun gbogbo sí kí wọ́n tó fa iṣẹ́ lé ara wọn lọ́wọ́: ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin ti tọ̀, ti bẹ́ẹ̀dì kẹfà kò tíì jẹun, ara rẹ̀ ń gbóná láti ìrọ̀lẹ́. Òun kan náà ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ àìsùn dókítà fún mi, ọmọdé ni mí nígbà náà. Ó ní òun á dé lálẹ́ òun á bá dókítà kan, òun á lọ sílé, òun á sùn, òun á padà dé lálẹ́ ọjọ́ kejì, dókítà yẹn náà lòun á tún bá, nínú ṣẹ́ẹ̀tì kan náà. Ó máa ń já búrẹ́dì fún un nínú báàgì rẹ̀. Gáàdì ẹnu géètì ti pààrọ̀. Ẹni tó ń nu ilẹ̀ ti pààrọ̀. Ẹni tó ń gé ara èèyàn nìkan ni kò sí ẹni tó wá gbà á sílẹ̀.

Kí ló dé tí ó fi rí bẹ́ẹ̀? Bí ẹ bá bi àwọn àgbà dókítà, ìdáhùn kan náà ni: bá a ṣe bá a nìyẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti bá a. Ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, tí wọ́n ṣí ní 1889, ni William Halsted ti gbé ètò rẹ́sídẹ́ńsì fún oníṣẹ́ abẹ kalẹ̀. Inú ọgbà ni àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ń gbé tọ̀sán tòru, ìgbéyàwó kò sì rọrùn fún wọn. Ọkùnrin yìí ti fi kokéènì dán ara rẹ̀ wò ṣáájú ìgbà náà, níbi tó ti ń wá oògùn tí kò ní jẹ́ kí aláìsàn mọ ìrora, ó sì di bárakú fún un. Mọfíìnì ló tún wá kún un. N kò sọ ọ́ láti bú òkú. Ọwọ́ rẹ̀ ni ayé ti kọ́ iṣẹ́ abẹ onísùúrù, òun ló sì jẹ́ kí ìbọ̀wọ́ rọ́bà wọ tíátà ní Hopkins. Ṣùgbọ́n ẹni tí oògùn kò jẹ́ kó mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán kọ́ ló yẹ kó bá wa pín aago.

Amẹ́ríkà tó dá a sílẹ̀ náà ti dín wákàtí rẹ̀ kù. Ní oṣù kẹta 1984, Libby Zion, ọmọbìnrin ọdún 18, kú nílé ìwòsàn kan ní New York láàárín wákàtí díẹ̀ tó débẹ̀. Àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ló ń tọ́jú rẹ̀ lóru náà, aláìsàn pọ̀ lọ́rùn wọn, ọ̀gá wọn kò sì sí nítòsí. Akọ̀ròyìn ni bàbá rẹ̀, Sidney Zion, agbẹjọ́rò sì ni. Kò dákẹ́. Ó kọ̀wé, ó pariwo, ó gba kóòtù lọ. Nígbà tó fi máa di 1989, New York ti fi òfin dé iṣẹ́ dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ wákàtí 80 lọ́sẹ̀. Nígbà tó di 2003, ààlà yìí kan gbogbo Amẹ́ríkà. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, wákàtí 48 ni, àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ sì ti wọ inú rẹ̀ pátápátá láti 2009. Ní 2004, àwọn olùwádìí ní Harvard tẹ àbájáde ohun tí wọ́n rí ní Boston jáde: nígbà tí wọ́n jẹ́ kí àwọn dókítà tuntun máa ṣe kọ́ọ̀lù tó kọjá wákàtí 24, àṣìṣe wọn tó léwu fi nǹkan bí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ìgbà tí wọ́n gé e kúrú lọ. Èyí ni àwa ń pàtẹ́wọ́ fún.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yóò fi dá mi lóhùn. Wọn á fa ìwádìí 2016 yọ, èyí tí wọ́n ṣe níbi 117 tí wọ́n ti ń kọ́ oníṣẹ́ abẹ ní Amẹ́ríkà, tó fi hàn pé bí dókítà bá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ikú àti ìpalára aláìsàn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó pẹ́ àti ẹni tó tètè lọ sílé, kò sí èyí tó gbọdọ̀ kọjá wákàtí 80 lọ́sẹ̀ nínú wọn. Ohun tó wà lábẹ́ 80 ni wọ́n ń bá ara wọn fà. Àwa wà ní 106, a ń ya ìwé wọn lò!

Wọ́n tún máa ń ní bí dókítà bá ń pààrọ̀, ọ̀rọ̀ aláìsàn á máa bọ́ sọnù láàárín ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀. Èmi ọmọ nọ́ọ̀sì ni ẹ ń sọ bẹ́ẹ̀ fún? Kí wọ́n ra ìwé ńlá, kí wọ́n sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Èyí tó wúwo jù nínú àwáwí wọn ni pé dókítà kò tó. Ẹnu mínísítà ètò ìlera, Muhammad Ali Pate, ni a ti gbọ́ ọ ní 2025 pé dókítà tó lé ní 16,000 ló ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún márùn-ún sí méje, àti pé kò pé mẹ́rin tó wà fún èèyàn 10,000. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ló ń lé wọn lọ? Mo bi tábìlì yẹn. Owó ni mo rò pé wọn á kọ́kọ́ dárúkọ. Obìnrin tó ń sùn nínú ọkọ̀ ní arákùnrin òun tó wà ní Manchester fi ìwé ìpín iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun, òun sì rí i pé ọjọ́ tí kò níṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò níṣẹ́. Òun wo ìwé náà títí. Àárẹ̀ ń lé wọn lọ, ẹni tó lọ ń dá kún àárẹ̀ ẹni tó kù, ẹni tó kù á wá ìwé ìrìnnà. Bí a kò bá gé e níbì kan, kò ní dúró fúnra rẹ̀.

Àwọn kan kò tilẹ̀ lọ síbì kankan. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, ọ̀dọ́mọdé dókítà kan tó ń ṣe háósìjọ́ọ̀bù l'Ékòó ṣubú ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ó kú. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé iṣẹ́ wákàtí 72 ló ti bọ̀. Wákàtí 72! Ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Iye tí bàbá yẹn sọ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn gan-an nìyẹn, tí àwọn kan sì dìde fún un.

Owó ni mo ṣèlérí pé yóò tẹ̀ lé e. Ní 2021, ọjọ́ 63 ni àwọn dókítà NARD fi yanṣẹ́lódì, láti ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ títí di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá, owó tí òfin rẹ́sídẹ́ńsì ti 2017 ní kí ìjọba máa yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ wọn sì wà lára ohun tí wọ́n ń bèèrè. Tìtorí rẹ̀ ni wọ́n tún ṣe ń halẹ̀ lọ́dọọdún. Mo lè fi odidi òpó kan tú u. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá san gbogbo gbèsè náà lóòórọ̀ ọ̀la, ẹni tó di irin mú lálẹ́ ọ̀la yóò ṣì máa tòògbé. Ní ti ẹni tó parí ẹ̀kọ́, gbólóhùn kan ni n ó sọ: ọmọ tí a ṣe ìdúpẹ́ rẹ̀ yìí ti gba ìwé pé kó fi àyè sílẹ̀, kó lọ wá iṣẹ́ kọnsọ́tántì síbòmíràn, nígbà tí wọ́ọ̀dù tó fi sílẹ̀ kò lẹ́ni tí yóò gbà á.

Ohun tí mo ń bèèrè kò tóbi. Kí àwọn aṣòfin Àbújá padà sínú òfin 2017 náà, kí wọ́n kọ ààlà wákàtí sí i, kí wọ́n sì kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gá ilé ìwòsàn tó bá kọjá rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyẹn á pẹ́. Kí wọ́n tó ṣe é, èyí tó ṣeé ṣe lóṣù tó ń bọ̀ rèé. Ara ògiri ilé ìwòsàn ìjọba ni wọ́n ń kọ aago tí a lè wá kí aláìsàn sí. Kí wọ́n lẹ ìwé mìíràn tì í ní gbogbo wọ́ọ̀dù: orúkọ dókítà tó wà lórí kọ́ọ̀lù, aago tó bẹ̀rẹ̀, aago tó gbọ́dọ̀ kúrò, orúkọ ẹni tó ń bọ̀ wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ọ̀gá àgbà fọwọ́ sí i láràárọ̀. Bébà kan ni, kò nílò owó kankan láti Àbújá. Obìnrin tí wọ́n fẹ́ gbé ọkọ rẹ̀ wọ tíátà lágogo mẹ́ta òru á lè kà á, á sì lè bèèrè pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ sùn kẹ́yìn?" Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún un pé àrífín ló ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ̀yin tí ẹ bá bèèrè tí wọ́n sì lé yín dànù, ẹ tètè kọ tiyín, kí ẹ kọ orúkọ wọ́ọ̀dù àti ọjọ́ sí i.