Ẹ̀rín Ló Yẹ Kó Ṣáájú Ìdọ̀bálẹ̀

Fíìmù nípa bàbá ilé tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó wá di àgbàyà, pọ̀ lórí àtẹ. Ìtàn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra: bàbá pa irun rẹ̀ láró, ó ń lé ọmọ tó lè bí kiri, owó ilé ìwé àwọn ọmọ bá fàájì lọ, ìyá wọn kó ẹrù, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kí fíìmù parí, àìsàn dé tàbí owó tán, bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìyá sunkún, àwọn mọ̀lẹ́bí bá a bẹ̀bẹ̀, orin wọlé. Òǹwòran nu ojú rẹ̀ nù, síbẹ̀ kò gbà á gbọ́. Ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rín sí ló fa àléébù náà. Mẹ́gáàdì àti ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n ń pín àwàdà fún. Bàbá tó dá wàhálà sílẹ̀ ń kọjá láàárín wọn pẹ̀lú ojú líle, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi í rẹ́rìn-ín títí tó fi tọrọ àforíjì. Ẹni tí wọn ò tíì fi ṣe yẹ̀yẹ́ kò tíì san nǹkan kan, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ á sì fúyẹ́ létí.

Ilẹ̀ Yewa, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di 1995, ti mọ èyí tipẹ́. Ní Ìlaròó, ní Ayétòrò, ní Ìmẹ̀kọ àti láwọn ìlú tó yí wọn ká, òru Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ojú ọjà ni ìlú ń pé sí. Lẹ́yìn tí àwọn tó ń ṣí agbo bá ti ṣe tiwọn, Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀, ìyẹn olórin òru náà, á jáde pẹ̀lú aṣọ tó fẹ̀ gbàgàdà àti ṣaworo irin lọ́rùn ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń júbà fún àwọn òrìṣà, àwọn àgbà àti àwọn ìyá. Ìjúbà náà gùn, kò sì sẹ́ni tó ń kánjú. Ìgbà tó bá parí ló tó kan àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀: ajẹgbèsè tó ń sá, ìjòyè tó jẹ owó ìlú, bàbá àgbà tó ń yọ́ jáde lóru. Olórin dá orin, ègbè gbè é, ọjà bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tí orin bá kàn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbẹ̀san lára olórin. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ kejì, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde, àwọn ọkùnrin nínú aṣọ obìnrin pẹ̀lú ọmú onígi, ẹni tí wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ lánàá sì lè wà láàárín àwọn tó ń wòran. Igi gbígbẹ́ tó wà lórí oníjó náà tún ń ṣẹ̀fẹ̀: agbẹ́gilére lè gbé ẹyẹ tàbí ejò sí i, ó sì lè gbé maṣíìnì ìránṣọ tàbí ọkùnrin tó gun alùpùpù sí i. (Bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra alùpùpù ní àádọ́ta ọdún á mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.)

UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí àṣà pàtàkì ní 2001, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá ọmọ aráyé ní 2008 lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ó rọrùn fún oníkámẹ́rà láti ya igi orí náà, kó sì máa lọ. Ohun tó wúlò jù fún òǹkọ̀wé fíìmù ni bí ètò náà ṣe tò: ìbọ̀wọ̀, yẹ̀yẹ́, lẹ́yìn náà ijó. Obìnrin, Ìyálàṣẹ̀, ló sì ń darí ẹgbẹ́ náà, èyí tó yẹ kó ta àwọn tí kò rí iṣẹ́ mìíràn fún ìyàwó inú fíìmù ju ẹkún lọ lólobó.

Nínú sinimá Yorùbá, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, ló sún mọ́ ètò yìí jù. Nínú Ọ̀run Móoru, tí Ọlá Balógun darí ní 1982, oníjìbìtì fi ẹ̀tàn gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò tó ti rọ́wọ́ mú. Ìtìjú mú kí ọkùnrin náà fẹ́ pa ara rẹ̀, ó bá ara rẹ̀ lọ́run, wọ́n sì ní àkókò rẹ̀ ò tíì tó. Lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹkún ni ìbá fi ṣe látòkè délẹ̀. Bàbá Sàlá so táì labalábá gbàǹgbà, ó lo awò ojú tó tóbi ju ojú lọ, ó wọ inú ìparun náà bí ẹni tó ń wọ agbo. Olórí ẹbí gan-an ni aláwàdà níbẹ̀. Àwọn tó ṣe ayédèrú fíìmù náà ló jẹ èrè rẹ̀, gbèsè ló kù sí i lọ́rùn, àmọ́ ọ̀nà tó là ṣì wà nílẹ̀. Fifty, tí Biyi Bándélé darí ní 2015, ṣe dáadáa bó ṣe rántí pé ọ̀rọ̀ yìí kan obìnrin: Elizabeth, dókítà agbẹ̀bí inú rẹ̀, fẹ́ràn ọ̀dọ́kùnrin débi pé òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ò rẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ àti ilé Èkó inú fíìmù náà dán jù. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irú obìnrin tó gbajúmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀.

Àwọn kan á ní yẹ̀yẹ́ ń tú ilé ni. Òótọ́ ni, pàápàá irú èyí tó ń ti orí fóònù dé fóònù láìdáwọ́ dúró, lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ilé náà rí. Ẹ̀fẹ̀ ní òru tirẹ̀, ilẹ̀ á sì mọ́ bá a. Aládùúgbò ló ń kọrin, ó ti júbà kó tó la ẹnu, ẹni tó bú kò sì ní kó kúrò nílùú.

Ìtàn tó bá ilẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí mu wà nílẹ̀. Láti ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti pín in ní 1889, Kétu wà ní Benin, Ìmẹ̀kọ wà ní Nàìjíríà, ẹbí kan náà sì ń bẹ lọ́tùn-ún lósì. Oníṣòwò Ìdí-Ìrókò kan lè ní ìyàwó àgbà ní Ìlaròó, kó sì fi ọmọge pamọ́ sí Pobẹ́ ní Benin. Ká ní oṣù Kẹjọ 2019 bá a lódìkejì nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti ààlà pa. (Ọ̀nà ẹ̀bùrú wà, àmọ́ ẹni tó ń wá àwáwí kì í rántí rẹ̀.) Owó tán, ọmọge fẹ́ jẹun, ọmọ ń pè láti Ìlaròó, bàbá ń purọ́ lórí fóònù pẹ̀lú àkùkọ Pobẹ́ tó ń kọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó àgbà ti mọ̀. Òru Ẹ̀fẹ̀ ni bàbá padà bá, orin tí wọ́n sì ń kọ lọ́jà kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, àmọ́ àkùkọ wà nínú rẹ̀.

Ibi tí ó yẹ kí ìran yìí wà ni àárín fíìmù. Bí ó bá wà ní ìparí, ìdọ̀bálẹ̀ á tún di ọ̀nà àbùjá. Tó bá wà láàárín, ìdajì fíìmù á ṣẹ́ kù fún iṣẹ́ tó le jù, ìyẹn bí ọkùnrin tí gbogbo ọjà ti fi rẹ́rìn-ín ṣe ń bá ọmọ rẹ̀ jókòó jẹun, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń rántí orin náà tó sì ń rẹ́rìn-ín sínú abọ́, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ àforíjì. Ògbóǹtarìgì aláwàdà ló yẹ kí wọ́n fún ní ipa bàbá náà, kí wọ́n sì jẹ́ kí mẹ́gáàdì sinmi.