Àwo Kan Náà



Nínú kíláàsì mi ní Pobè, akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé: « Ẹ jọ̀wọ́, olùkọ́, ṣé a lè bá ẹni tí ó ní sídà jẹun nínú àwo kan náà? » Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé àwo tí a yà sọ́tọ̀ fún ènìyàn lè dùn ún ju àìsàn fúnra rẹ̀ lọ.

Mo dá a lóhùn pé a lè jẹun pọ̀. Kòkòrò VIH kì í gba inú oúnjẹ tàbí ìbọwọ́ ranni. Ẹni tí ó bá sì ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò ní kó o ran ẹnì kejì rẹ̀ nípa ìbálòpọ̀.

Nígbà tí Fela Kuti kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olikoye Ransome-Kuti, tí ó ti ṣe mínísítà ìlera ní Nàìjíríà, kéde ní gbangba pé sídà ni ó pa á. Kò bo àbúrò rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ohun ìtìjú.

Láti ọdún 2006 ni òfin orílẹ̀-èdè wa ti ń dáàbò bo àwọn tí ó ní kòkòrò yìí. Ṣùgbọ́n òfin kì í bá wa jókòó ti àwo ọbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni ẹ máa ń jókòó níbẹ̀. Àrùn tí ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe.